Gáàsì Kì Í Tán Bí Epo: Ọ̀rọ̀ Lórí AC àti Híta Ọkọ̀ Tó Ti Pẹ́

Ọ̀kan lára àwọn ọmọ ìlú wa tó ń tún AC ọkọ̀ ṣe ló bá wa sọ ọ̀rọ̀ yìí níbi ìpàdé ẹ̀ka Èkó ní oṣù tó kọjá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní ká kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn lè fi ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé wọn. Bó ṣe sọ ọ́ náà la ṣe kọ ọ́.

Akọ̀wé wa ló ní kí n wá sọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ AC ti pọ̀ jù lórí gúrúùpù wa. Tònìí á ní, "AC mi ò tutù mọ́, ta ló mọ oníṣẹ́ tó dáa?" Tọ̀la á ní, "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ gáàsì sí tèmi lóṣù tó kọjá ni o, ó tún ti lọ." Akọ̀wé ní kàkà kí n máa dá ẹnì kọ̀ọ̀kan lóhùn lóru, kí n kúkú wá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí gbogbo wa gbọ́.

Èmi kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n o. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi ni mo ti kọ́ṣẹ́, abẹ́ ọkọ̀ ni mo sì ti kọ́ èyí tó kù. Àmọ́ ohun kan wà tí mo fẹ́ sọ kí n tó jókòó, ó sì ju ọ̀rọ̀ òtútù lọ. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti owó ná, ká tó sọ ti ẹ̀mí.

Bí AC ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹ rántí bí nọ́ọ̀sì ṣe máa ń fi spirit nu apá wa kó tó gún wa lábẹ́rẹ́. Ojú ibẹ̀ á tutù lójú ẹsẹ̀. Kí ló fà á? Bí spirit yẹn ṣe ń gbẹ, ooru ara wa ló ń kó lọ. Ohun tí AC ń ṣe náà nìyẹn. Omi ń hó ní 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Gáàsì R-134a tó wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ wa, kò dúró de ìgbà tó máa gbóná kó tó hó. Bí ohunkóhun ò bá fún un mọ́lẹ̀, ní 26 lábẹ́ òdo ló ti ń hó.

Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ tí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ń yí ló ń fún gáàsì yìí pọ̀. Tó bá ti fún un, gáàsì á gbóná, á sì lọ sí kọ̀ńdẹ́ńsà, ìyẹn èyí tó dà bí rẹ́díétọ̀ kejì tó wà níwájú pátápátá. Ibẹ̀ ni fáànù àti atẹ́gùn ọ̀nà á ti gba ooru ara rẹ̀, á sì di olómi. Láti ibẹ̀, á gba ojú ihò kóńkó kan wọ cooling coil tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Níbẹ̀ ló ti máa hó, tó máa gba ooru inú ọkọ̀, tí blower á sì fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù sí wa lójú. Gáàsì ọ̀hún á padà sí kọ̀ńpúrẹ́sọ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí.

Ṣé ẹ rí i pé yíyí ló ń yí po? Kò sí ibì kankan tó ti ń jó dànù bíi bẹntiróòlù. Torí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi eléyìí sọ́kàn: gáàsì AC kì í tán bí epo. Tó bá ti dín kù, ó ń jò níbì kan nìyẹn. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ tó ti lé ní ogún ọdún, bíi Camry Big Daddy ọdún 2003 tàbí 2004, rọ́bà ojú oríkèé rẹ̀ á ti gbẹ, díẹ̀díẹ̀ sì lè máa sá jáde fún ọdún púpọ̀. Àmọ́ kó tutù ní Jánúárì kó gbóná ní Máàṣì, ihò ni, kì í ṣe ọjọ́ ogbó.

Àna mi kan rọ gáàsì lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ọdún kan. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ló tó mú ọkọ̀ wá bá mi, ojú ń tì í, torí ó mọ̀ pé iṣẹ́ mi ni. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo sì wo ara kọ̀ńdẹ́ńsà. Ní igun kan nísàlẹ̀, òróró wà níbẹ̀, eruku sì ti lẹ̀ mọ́ ọn dúdú. Níbi tí gáàsì bá ti ń jò, òróró kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ máa ń bá a jáde. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọn tó gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin ò tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀ rí. Èyí tó wá burú jù ni pé òróró tó ń jáde yẹn ni kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ fi ń gbé ayé. Nígbà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ mi, kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ti ń dún bí ẹni ń lọ òkúta. Owó kọ̀ńdẹ́ńsà nìkan ni ì bá san, ó wá di owó méjèèjì. Àwọn àgbà wa ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Jíjò lẹ̀tẹ̀, gáàsì ni làpálàpá.

Àwọn àmì tí ẹ̀yin fúnra yín lè wò

Ẹ ò nílò láti mọ iṣẹ́ kẹ́ ẹ tó mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ fún oníṣẹ́. Ẹni tó bá lè ṣàlàyé àìsàn rẹ̀ dáadáa, kò rọrùn láti rẹ́ ẹ jẹ.

Tí AC bá tutù nígbà tẹ́ ẹ wà lórí eré, tó wá gbóná tẹ́ ẹ bá wọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ má sáré sọ̀rọ̀ gáàsì. Ẹ wo fáànù iwájú. Lórí eré, atẹ́gùn ọ̀nà ló ń ṣiṣẹ́ fún yín. Tẹ́ ẹ bá dúró, fáànù nìkan ló kù. Ẹ tan AC nígbà tí ọkọ̀ wà lórí ìdúró, kẹ́ ẹ wò ó bóyá fáànù ń yí. Ẹ má ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ o. Tí kò bá yí, ó lè jẹ́ fíúùsì, relay tàbí fáànù fúnra rẹ̀. Tó bá ń yí, ẹ wo kọ̀ńdẹ́ńsà bóyá eruku ọyẹ́ àti kòkòrò ti dí i. Ẹ fi omi fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́. Omi tó ń já bí ìbọn ní ibi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀ máa ń tẹ àwọn ewé tín-ín-rín ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, á sì tún burú sí i.

Tí afẹ́fẹ́ bá tutù àmọ́ tí kò jáde dáadáa, ẹ wo cabin filter. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ̀yìn àpótí kékeré iwájú ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ ló wà. Mo ti fa ewé gbígbẹ àti ìtẹ́ eku jáde níbẹ̀ rí. Tí blower bá ń ṣiṣẹ́ ní ipò tó ga jù nìkan, tí kò ṣiṣẹ́ ní 1, 2 àti 3, resistor rẹ̀ ló jóná. Ohun kékeré ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta blower tuntun fún yín.

Tó bá tutù fún bíi ogún ìṣẹ́jú, tí afẹ́fẹ́ wá ń dín kù títí tí kò fi jáde mọ́, tẹ́ ẹ bá sì pa á fún ìgbà díẹ̀ tó tún padà wá, yìnyín ló ń di lórí cooling coil. Fílítà tó dí lè fà á, gáàsì tó dín kù náà lè fà á, sensor tó yẹ kó sọ fún kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ pé kó sinmi sì lè ti bàjẹ́.

Tí ọ̀tún bá tutù tí òsì gbóná, tàbí tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ kẹ́kẹ́kẹ́ lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, mọ́tò kékeré tó ń ṣí ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ ló ní ìṣòro.

Tí omi bá ń kán sábẹ́ ọkọ̀ nígbà tí AC wà lórí, ẹ má bẹ̀rù, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Àmọ́ tí omi bá ń rin kápẹ́ẹ̀tì inú ọkọ̀, ẹ fi ìka kàn án. Tó bá mọ́ tí kò rùn, họ́ọ̀sì tó ń da omi AC síta ló dí. Tó bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tí òórùn rẹ̀ sì dà bí ohun dídùn, omi rẹ́díétọ̀ nìyẹn, híta ló ń jò. Ẹ má fi ìyẹn falẹ̀, torí bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe ń lọ nìyẹn láìjẹ́ pé ẹ rí i nílẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́

Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin. Àkọ́kọ́: "Ṣé o ní gẹ́éjì?" Tí ọkọ̀ bá ti kú tó sì tutù, ní nǹkan bíi 30 Celsius, gẹ́éjì méjèèjì máa ń sún mọ́ 95 psi. Tó bá jẹ́ 40 ló fi hàn, gáàsì ti lọ púpọ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ kékeré máa ń wà láàárín 25 sí 45, ẹ̀gbẹ́ ńlá láàárín 150 sí 250, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú oòrùn wa. Tí méjèèjì bá wálẹ̀, gáàsì ló kéré. Tí méjèèjì bá ga, fáànù tàbí kọ̀ńdẹ́ńsà ni kẹ́ ẹ wò, tàbí kó jẹ́ pé wọ́n ti rọ ọ́ jù. Tí kékeré bá ga tí ńlá sì wálẹ̀, kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ló ti rẹ̀.

Ìkejì: "Báwo lo ṣe máa wá ibi tó ń jò?" Ọṣẹ àti omi dáa. Dáì tó ń tàn lábẹ́ iná pàtàkì dáa. Náítírójìn dáa. Tó bá ní ọ́síjìn tí àwọn wẹ́dà ń lò lòun máa fi tẹ̀ ẹ́, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín. Ọ́síjìn pẹ̀lú òróró kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ lè bú gbàù.

Ìkẹta: "Ṣé o máa fi pọ́ǹpù fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán kó o tó rọ gáàsì?" Ó kéré tán, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tí afẹ́fẹ́ àti omi bá ṣẹ́ kù síbẹ̀, omi yẹn á di yìnyín níbi ihò kóńkó, á sì jẹ irin inú rẹ̀.

Ìkẹrin: "Gáàsì wo ni, mélòó lo sì máa rọ?" Nínú èyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀, ìwé pélébé kan wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tó sọ ọ́. Ó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdajì kílò sí kílò kan dín díẹ̀. Òṣùwọ̀n ló yẹ kí wọ́n fi wọ̀n ọ́. Àwọn ọkọ̀ ṣáájú nǹkan bí 1994 lo R-12, èyí tí àdéhùn Montreal ti 1987 mú kí ayé bẹ̀rẹ̀ sí í pa tì nítorí pé ó ń ba ìbòrí ozone tó wà lójú ọ̀run jẹ́. Àwọn ọkọ̀ tuntun sì ń lo R-1234yf. A kì í pò wọ́n pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni rọ gáàsì ìdáná sínú AC yín nítorí pé kò wọ́n. Ó máa tutù lóòótọ́. Àmọ́ ọjọ́ tí cooling coil bá jò, inú ọkọ̀ níbi tẹ́ ẹ jókòó sí ni gáàsì ìdáná yẹn máa kún sí.

Híta ńkọ́?

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Ta ló ń wá híta l'Ékòó? Ẹ dúró ná. Híta kì í ní iná tirẹ̀. Omi gbígbóná tó ń jáde lára ẹ́ńjìnnì ló ń gba inú rẹ́díétọ̀ kékeré kan lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Tí omi yẹn ò bá dúró nígbà tó yẹ kó dúró, híta á máa bá AC jà. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti rí AC tí gáàsì rẹ̀ pé, tí kò ṣe é tutù! Mo máa ń fún họ́ọ̀sì híta pa fún ìgbà díẹ̀. Tí AC bá tutù lẹ́yìn náà, a ti rí ẹni tó jalè nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London àti Manchester, tí híta ọkọ̀ yín ò bá gbóná, ẹ kọ́kọ́ wo omi ẹ́ńjìnnì, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù. Tó bá pé, tí gẹ́éjì ooru sì ń wálẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ wà lórí eré, tẹmosítáàtì ló ṣí sílẹ̀ tí kò padé mọ́. Tí gẹ́éjì bá dúró síbi tó yẹ, ó lè jẹ́ afẹ́fẹ́ ló há sínú omi, tàbí kí ìpẹtà ti dí híta. Nílé níbí, àwọn mẹkáníìkì kan máa ń yọ tẹmosítáàtì sọ nù, wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná. Ẹ má gbà fún wọn. Ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó máa ń mu epo jù. Omi kànga tí wọ́n ń dà sí rẹ́díétọ̀ náà ló ń fa ìpẹtà yẹn.

Híta tún lè gba ẹ́ńjìnnì là. Tí gẹ́éjì bá ń gòkè nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ pa AC, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ tan híta dé òpin. Ó máa ni yín lára, àmọ́ á gba ooru lára ẹ́ńjìnnì títí tẹ́ ẹ fi máa ríbi dúró sí. Ẹ má sì ṣí ìdérí rẹ́díétọ̀ tó gbóná láé.

Ohun tí mo wá sọ gan-an

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọkọ rẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ mẹ́ta ń ti Èkó bọ̀ wálé fún ìsìnkú ìyá wa àgbà. Sienna ni wọ́n ń gùn. Ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, èmi ni mo tún AC ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe. Ó tutù, inú mi dùn. Mo gbọ́ tí sàléńsà ń hu lábẹ́ ọkọ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé iṣẹ́ wẹ́dà nìyẹn, kì í ṣe tèmi. Mo wá sọ fún wọn pé kí wọ́n ti gbogbo fèrèsé, kí wọ́n sì tẹ bọ́tìnì tó ń yí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ po, kó lè tutù dáadáa.

Kí wọ́n tó dé Ògèrè, orí ti ń fọ́ àwọn ọmọ. Wọ́n ní ebi ni. Ọ̀kan bì. Wọ́n ní ọ̀nà ló ń kọ́ ọ. Èyí tó kéré jù sùn, wọ́n ní ó rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n yà láti ra epo, wọ́n jí i, kò jí. Ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni. Òun ló pariwo pé, "Ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn! Ẹ gbé àwọn ọmọ yìí bọ́ sí atẹ́gùn!" Wọ́n ṣí fèrèsé, wọ́n sáré dé ilé ìwòsàn kan n'Íbàdàn, wọ́n sì fún ọmọ náà ní ọ́síjìn. Ọlọ́run ṣàánú, ó jí. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Ó ní, "Àbúrò mi, kí lo ṣe sí ọkọ̀ wa?" Mi ò lésì.

Èéfín ọkọ̀ ní gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò láwọ̀, kò lóòórùn. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tó ju igba lọ ju bí ọ́síjìn ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ihò wà lára sàléńsà Sienna yẹn, rọ́bà ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sì ti ya. Bọ́tìnì tí mo ní kí wọ́n tẹ̀ ló wá há èéfín náà mọ́ wọn.

Láti ọjọ́ náà, n kì í tún AC ọkọ̀ ẹnikẹ́ni ṣe láìwo abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin náà, tí sàléńsà yín bá ń hu, ẹ tún un ṣe kẹ́ ẹ tó tún AC ṣe. Tí orí bá ń fọ́ èèyàn méjì lẹ́ẹ̀kan náà nínú ọkọ̀, ẹ má sọ pé ebi ni. Ẹ dúró, ẹ bọ́ sílẹ̀. Ẹ má sùn sínú ọkọ̀ tó wà lórí iná nínú gáréèjì tàbí ọgbà tó sé mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ pé "mò ń bọ̀ báyìí". Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, ooru inú ọkọ̀ tí wọ́n tì pa sínú oòrùn lè fi bíi 10 Celsius lé sí i, ara ọmọdé sì máa ń yá gbóná ju tàgbà lọ. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Mo ti bá alága sọ̀rọ̀. Ní Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ tí a máa lọ sílé fún ọdún ìlú, kí gbogbo ẹni tó bá ń wakọ̀ lọ gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá síbí láàárọ̀. Èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi á wo sàléńsà, fáànù àti omi rẹ́díétọ̀. A ò ní gba kọ́bọ̀. Ẹni tí AC rẹ̀ ò bá tutù, ìyẹn lè dúró di ọjọ́ mìíràn. Oorun tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sùn lọ́jọ́ náà ni mi ò fẹ́ kí ọmọ ẹnì kankan tún sùn.